Orí Kẹrin: Oorun Tó Pa Gúnnugún

Baálẹ̀ bì sí Dókítà Ọdẹ́jìmí láyà. Èébì náà gbóná, ó sì ń ṣàn wọ inú ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ má jù ú sílẹ̀ o!" Mọ́dinátù kígbe lẹ́yìn rẹ̀. "Bí ìyẹ́ rẹ̀ kan bá ṣẹ́, ẹ̀wọ̀n ni fún àwa méjèèjì."

"Ta ló fẹ́ jù ú sílẹ̀? Fi aṣọ bò ó lórí."

Obìnrin náà fi aṣọ dúdú bo orí pípá Baálẹ̀, gúnnugún tó dàgbà jù lórí àpáta. Gúnnugún tí kò bá ríran kì í jà, kì í sì í sáábà bì mọ́, nítorí ẹ̀rù ló ń mú un bì. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ kò tilẹ̀ ní agbára ìjà. Ọrùn rẹ̀ rọ̀ dirodiro sí apá dókítà bí okùn tí wọ́n tú. Láti ìgbà tí Ọdẹ́jìmí ti ń tọ́jú ẹyẹ lórí àpáta yìí, kò tíì rí gúnnugún tó jẹ́ kí wọ́n gbé òun láìbu etí èèyàn jẹ.

Àwọn mẹ́rin mìíràn wà nílẹ̀, wọ́n na ìyẹ́ sílẹ̀ bí àkísà tí ẹnìkan sá sóòrùn. Àwo òkúta ńlá tí wọ́n gbé òkú àná sí wà láàárín wọn. Egungun ló kù níbẹ̀, àti eṣinṣin.

"Oorun ni wọ́n ń sùn," ni Mọ́dinátù wí. "Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń sùn bí ọkọ mi tó bá jẹ iyán tán. Mo pè wọ́n, mo pàtẹ́wọ́, mo lu irin. Kò sí èyí tó dáhùn."

"Ta ló kọ́kọ́ jẹun lánàá?"

"Ẹ tún ń bi mí? Baálẹ̀ náà ni. Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Òótọ́ ni. Àwọn olùtọ́jú ẹyẹ ní ìlú Orí-Àpáta ti sọ ọ́ di àṣà pé ẹyẹ tó bá dàgbà jù ni yóò kọ́kọ́ bu òkèlè, kí àwọn ọmọdé tó sún mọ́ àwo. Wọ́n máa ń fi ọ̀pá gígùn dá àwọn kékeré dúró títí Baálẹ̀ yóò fi yó. Kò sí ẹni tó ń wọ ọgbà ẹyẹ láàárọ̀ tí kì í kúnlẹ̀ kí i. Nítorí náà òun ló jẹ púpọ̀ jù lánàá, òun náà ló sì kọ́kọ́ ṣubú.

Wọ́n gbé e wọ yàrá ìtọ́jú. Lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá: ẸYẸ KAN, ẸGBẸ̀RÚN Ẹ̀MÍ. Mọ́dinátù fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń kọjá, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe. Ìka àárín ọwọ́ náà kò sí. Eku ló jẹ ẹ́ nígbà tó wà ní ìkókó, lọ́dún tí gúnnugún tán nílẹ̀ tí òkú ẹran kún títì, tí eku àti ajá dìgbòlugi sì gba ìlú. Ọdún Èkúté ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó kù láàyè lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣòfin pé kò sí òkú kankan, ti ẹran tàbí ti èèyàn, tó gbọdọ̀ wọ inú ilẹ̀ mọ́. Orí àpáta ni gbogbo wọn ń lọ.

Orí àpáta náà ni Àṣàkẹ́, ìyàwó Ọdẹ́jìmí, lọ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ó kú mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, nínú ilé ara rẹ̀. Òfin ní kí ẹni tó sún mọ́ òkú jù dúró kó wò, ó sì dúró, ó wò. Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ bu níbẹ̀. Láti ìgbà náà, Ọdẹ́jìmí ti gé èékánná ẹyẹ yìí, ó ti wẹ egbò àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti rẹ́ ẹnu rẹ̀ tó gùn jù. Kò kórìíra rẹ̀. Ẹyẹ kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá ṣí ẹnu rẹ̀ láti wo ọ̀fun, ojú rẹ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ó tẹ́ ẹyẹ náà lé tábìlì gbígbóná, ó gbé àyà rẹ̀ lélẹ̀, kí èébì má bàa padà wọ ọ̀nà èémí. Ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀. Awọ funfun kan wà lábẹ́ ìpéǹpéjú ẹyẹ, tó máa ń fò kọjá lórí ẹyinjú kíákíá bí èèyàn bá fọwọ́ sún mọ́ ọn. Ti Baálẹ̀ kò mira. Ó kàn bo ìdajì ojú rẹ̀ bí aṣọ fèrèsé tó já.

"Rọ́bà," ni ó wí. "Àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́."

Ó ti rọ́bà náà bọ ẹnu ẹyẹ, ó rọra tì í dé inú àpò oúnjẹ tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ó da omi sí i, ó sì dorí rẹ̀ kodò. Ohun tó jáde rí bí ògì tó ti kan, ó ní àwọ̀ eérú, ègé ẹran rírọ̀ wà nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ lé Mọ́dinátù, tó ti ń gba òkú láti ìgbà èwe rẹ̀, dé ìdí ògiri.

Ẹran Bàbá Láníyọnu, òkú àná, ni. Ọdẹ́jìmí mọ̀ ọ́n. Káfíńtà ni tẹ́lẹ̀, yàrá kan náà lòun àti Ọdẹ́tólá, ẹ̀gbọ́n dókítà, ń gbé ní Ilé Ìtura, níbi tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó ìlú sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọdẹ́jìmí bá wọn nídìí ọpọ́n ayò. Láníyọnu ń yọ́ ọmọ ayò jí, ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Lánàá, Ilé Ìtura ní ó sùn lọ.

Dókítà kán ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ náà sí ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí tábìlì. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn obìnrin tí kò bìkítà:

"Oògùn ìdákẹ́. Ó ti kọjá ààlà."

Mọ́dinátù wojú rẹ̀. "Ìyẹn kọ́ lèyí tí ẹ gún ajá dìgbòlugi yẹn tó fi kú?"

"Òun ni."

"Ta ló gún ẹyẹ?"

"Kò sí ẹni tó gún ẹyẹ."

 Nígbà tó yé Mọ́dinátù, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. "Subuhanalahi! Bàbá yẹn?"

"Ikùn gúnnugún lè pa àrùn tó ń bẹ nínú òkú," ni Ọdẹ́jìmí wí. "Kò lè pa oògùn. Ohun tí wọ́n bá fi pa òkú, òun náà ni yóò pa ẹni tó bá jẹ òkú náà. Mú afẹ́fẹ́ wá."

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n gún un ní omi iyọ̀ lábẹ́ awọ, wọ́n fi aṣọ gbígbóná wé e. Baálẹ̀ mí kanlẹ̀, ó sinmi, ó tún mí. Kò mí mọ́.

Òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀ tan pupa. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Gbohùngbohùn tó wà lára ògiri tan pupa pẹ̀lú. Ẹ̀rọ yìí wà nínú gbogbo ilé ní Orí-Àpáta. Ó ní, "Ọmọ ìlú kan ti kú. Kí dókítà sọ ohun tó pa á, kí ara rẹ̀ tó tutù. Ìlú ń gbọ́."

Ọdẹ́jìmí na ọwọ́ sí bọ́tìnì rẹ̀. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí.

"Dókítà wa àtàtà! Ẹ kú làálàá, sà."

Ìyáàfin Kúforíjì ni, ọ̀gá Ilé Ìtura. Ilé náà kò jìnnà, ẹsẹ̀ àpáta níbẹ̀ ló wà. Ó mọ́ tónítóní. Ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó sì ń lá súìtì mínítì lẹ́nu.

"Mo ń gòkè bọ̀ ni mo gbọ́ pé Baálẹ̀ ti lọ. Ó mà ṣe o. Ooru yìí pọ̀ jù."

"Kì í ṣe ooru."

"Ẹyẹ tó ti dàgbà náà ni, sà."

"Kì í ṣe ọjọ́ orí."

Ó wo Mọ́dinátù. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá omi tútù wá níta."

"Omi wà níbí, mà," ni Mọ́dinátù dá a lóhùn, kò sì kúrò lójú kan.

"Kí ló pa Láníyọnu?" ni Ọdẹ́jìmí bi í.

"Ó sùn lọ ni, sà."

"Ta ló fún un ní oorun?"

Obìnrin náà yí mínítì rẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì. Kò bínú. Ó fa àpótí kan, ó nù ún, ó jókòó. "Dókítà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa pọ̀ ju àwọn tó ń jáde lọ. Ibùsùn kò tó. Láníyọnu ti jẹ ayé tirẹ̀. Kò jẹ ìrora rárá. Àwọn ọmọbìnrin mi dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n kọrin fún un. Ṣebí ẹ̀yin náà ń ṣe é fún ẹṣin tó bá kán lẹ́sẹ̀?"

"Ẹṣin kì í ta ayò."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí ọmọdé dápàárá fún. "Ẹ sọ pé ooru ni. Ìlú á sunkún, á tán. Èmi náà á sọ fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n dín oògùn náà kù, kó má dé ara ẹyẹ mọ́. Bọ̀ọ̀dá yín wà lọ́dọ̀ wa. Èèyàn dáadáa ni. Wọ́n ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí wọ́n pẹ́ lọ́dọ̀ wa." Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Mínítì kan wà níbẹ̀. "Ẹ gbà, sà. Òórùn ara yín yìí..."

Ọdẹ́jìmí wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó mọ́, ó sì ń dán fún ìpara. Èébì gúnnugún ti gbẹ mọ́ ọn láyà, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ yìí ló rí i lára jù. Kò gba mínítì náà. 

Bó bá purọ́, Ọdẹ́tólá yóò wà láàyè títí di ọjọ́ tí obìnrin yìí bá nílò ibùsùn rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò máa lọ, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. Bó bá sọ òótọ́, ìlú tó ń ṣọ̀fọ̀ ẹyẹ, tó ń kúnlẹ̀ fún ẹyẹ, yóò gbọ́ pé wọ́n ń pa àwọn bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọn yóò ti Ilé Ìtura pa kó tó di alẹ́. Ohun tó gbàgbọ́ nìyẹn. Ó tẹ bọ́tìnì.

"Ẹ̀yin ará Orí-Àpáta, èmi Ọdẹ́jìmí dókítà ẹyẹ ló ń sọ̀rọ̀. Baálẹ̀ ti kú. Oògùn ìdákẹ́ ló pa á, láti inú ara Bàbá Láníyọnu tó jẹ lánàá. Bàbá Láníyọnu kò sùn lọ. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí ó fi kú ni, nínú Ilé Ìtura, nítorí ibùsùn. Kò ṣàìsàn. Mo mọ̀ ọ́n."

Iná pupa náà kú. Ìyáàfin Kúforíjì dìde, ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀ sí mẹ́rin.

"Ẹ ti ṣe ohun tó wù yín," ni ó wí, ó sì jáde láìkánjú.

Ọdẹ́jìmí kò lè tẹ̀lé e. Ẹ̀gbà ọwọ́ dókítà kì í ṣí ìlẹ̀kùn fún un bí ẹyẹ tó ń ṣàìsàn bá wà nílẹ̀. Mẹ́rin ló kù. Òun àti Mọ́dinátù fọ àpò oúnjẹ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi aṣọ gbígbóná wé wọn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí wọn nímú. Láti ìsàlẹ̀ ìlú, ariwo ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá.

"Wọ́n ń sunkún," ni Mọ́dinátù wí.

"Wọ́n ti gbọ́."

Àyà Ọdẹ́jìmí fúyẹ́ díẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ọyẹ́. Àwọn ẹyẹ náà jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn la ojú, ó wo Mọ́dinátù, ó sì bì sí i lẹ́sẹ̀.

"O ṣeun, ọkọ mi," ni obìnrin náà wí. "Ara rẹ ti yá nìyẹn."

Nígbà náà ni Gbohùngbohùn tún tàn.

"Ìgbìmọ̀ Ìlú ti jókòó. Àdánù ńlá ló bá wa. Láti òní lọ, oògùn kankan tó lè pa ẹyẹ lára kò gbọdọ̀ sí nínú ara ẹni tó bá ń lọ sórí àpáta. Ẹni tó bá gbé irú òkú bẹ́ẹ̀ wá, òun náà yóò kú. Ilé Ìtura ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ. Wọ́n ti ṣèlérí pé ọ̀nà tí àwọn yóò máa gbà láti òní lọ kò ní pa ẹyẹ kankan lára. Ẹyẹ kan, ẹgbẹ̀rún ẹ̀mí."

Ariwo ayọ̀ sọ nísàlẹ̀ ìlú.

"Ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà," ni Mọ́dinátù wí. "Ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà ṣe kí ni?"

 Ọdẹ́jìmí ṣí àpótí irin tó wà nísàlẹ̀ tábìlì, ó mú ìgò kékeré kan tí hóró oògùn wà nínú rẹ̀ jáde. Àwòrán orí gúnnugún pupa wà lára rẹ̀.

Mọ́dinátù rí i, ó sì fò dí ẹnu ọ̀nà. "Ìyẹn ló pa gúnnugún tán ní Ọdún Èkúté!"

"Mo mọ̀. Oògùn ara ríro ni. Àwọn èèyàn ń lò ó nígbà náà, wọ́n ń fún màlúù, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Gúnnugún tó bá jẹ òkú wọn ni kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́. Èyí ló kù nílùú yìí, kí ẹ̀rọ lè máa dá a mọ̀."

"Ta lẹ fẹ́ pa, Dókítà?"

"N kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí wọ́n má lè pa ẹ̀gbọ́n mi."

 Mọ́dinátù wo ọwọ́ rẹ̀ tí ìka kò pé. "Bí ẹyẹ kan bá kú nínú èyí, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pè yín ní apààyàn," ni ó wí, ó sì yà kúrò lọ́nà.

Ara àwọn ẹyẹ ti yá, ẹ̀gbà ọwọ́ sì ṣí ìlẹ̀kùn fún dókítà. Níta, èrò ti kún. Wọ́n gbé ìyẹ́ funfun dání. Ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Ọdẹ́jìmí mú. Ọkùnrin kan ń ti àwọn èèyàn sẹ́yìn, ó ń ké pé, "Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan Dókítà! Ó gba àwọn ẹyẹ wa là!"

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ nípa Láníyọnu?" ni Ọdẹ́jìmí bi í.

"A gbọ́ ọ, sà! Ìwà ìkà gbáà! Kí èèyàn fi oògùn sínú oúnjẹ Baálẹ̀!"

Ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyá arúgbó náà, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Ìtura, kẹ̀kẹ́ kan ń yí fúnra rẹ̀. Ìrọ̀rí funfun tuntun ni wọ́n tò sórí rẹ̀ dé òkè. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun ń rìn tẹ̀lé e, ó sì kúnlẹ̀ kí dókítà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ Baálẹ̀, sà."

Ọdẹ́tólá jókòó lórí ibùsùn, ó di ìrọ̀rí kan mọ́ àyà. Ibùsùn Láníyọnu ti ní ẹlòmíràn. Àwọn arúgbó yòókù wà lórí tiwọn yíká yàrá.

"Jìmí! O tún ń rùn bí ìdí gúnnugún. Wá wo nǹkan. Wọ́n fún mi ní ìrọ̀rí kejì. Àbí wọ́n ti mọ̀ mí sí èèyàn pàtàkì nítorí rẹ? Gbohùngbohùn tiwa kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan."

Ìrọ̀rí tí wọ́n bá fi dí èèyàn nímú kì í fi oògùn sílẹ̀ nínú òkú. Ọdẹ́jìmí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, orúnkún yín ń kọ́?"

"Orúnkún ń ro mí bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kí ló dé?"

Ó yọ hóró kan nínú ìgò náà. "Ẹ gbé èyí mì."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó sì gbé e mì. Kẹ̀kẹ́ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọdẹ́jìmí gbé ìgò náà sókè kó lè rí àwòrán gúnnugún tó wà lára rẹ̀. "Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹ̀gbọ́n mi ti ń lo oògùn yìí. Ojoojúmọ́ ni yóò máa lò ó. Kí ó gbé ẹ̀rọ wá, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà á, ẹyẹ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Bó bá kú lónìí, kí ó wá sọ fún mi ibi tó fẹ́ gbé e sí."

Ẹ̀rín ọmọbìnrin náà dáwọ́ dúró. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, kẹ̀kẹ́ sì ń tẹ̀lé e.

 Gbogbo àwọn arúgbó yòókù ti gbọ́. Ìyá kan tó wà nídìí fèrèsé, tí Ọdẹ́jìmí kò mọ orúkọ rẹ̀, na àtẹ́lẹwọ́ sí i.

"Dókítà ẹyẹ, orúnkún ń ro èmi náà."

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na tirẹ̀. Ẹni tó wà lórí ibùsùn Láníyọnu na tirẹ̀. Ọdẹ́jìmí da ìgò náà sí ọwọ́, ó sì wo ohun tó wà níbẹ̀. Kò lè kárí wọn. Ó jókòó sí etí ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn hóró náà sí méjì-méjì.